Ṣé ọ̀rá ikùn bàbá mi lè di iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun fún ẹsẹ̀ wọn?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi ti pé ọmọ ọdún 68, ó sì ti tó ọdún 15 tí wọ́n ti ní àtọ̀gbẹ. Láti bí oṣù mẹ́ta ni ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn kan ti ń dúdú, egbò kan sì wà ní gìgísẹ̀ wọn tí kò jiná. Dókítà tó ń tọ́jú wọn ní Ìbàdàn ní ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ náà dáadáa mọ́. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wá fi ohùn kan ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, pé ilé ìwòsàn kan wà ní òkè òkun tí wọ́n ti ń fa ọ̀rá ikùn èèyàn, wọ́n á yí i padà di iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun, wọ́n á sì gún un sí ẹsẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹlòmíràn ní ká má wulẹ̀ rìn jìnnà, pé stem cell (sẹ́ẹ̀lì ara tó ṣì lè di oríṣiríṣi ẹ̀yà ara) inú ṣáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pò mọ́ omi ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ilẹ̀ kan wà tí a lè tà. Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé ká tà á?

Ẹ má tíì ta ilẹ̀ náà. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ọ̀rọ̀ ọ̀rá nìkan kọ́ ni mo rí níbẹ̀. Ẹ ń bẹ̀rù kí wọ́n má lọ gé ẹsẹ̀ bàbá, ó sì ń jẹ yín lọ́kàn pé bóyá ìtọ́jú kan wà tí àwọn ará òkè òkun ń rí gbà, tí owó kò jẹ́ kí ẹ̀yin rí gbà. Mo ti lo ọdún tó pọ̀ nínú láàbù lórí sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀rá gan-an, mo sì ti jókòó ti àwọn àgbàlagbà tí ìrora ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n fojú kan oorun, nítorí náà n kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yín. Iṣẹ́ tí wọ́n sọ fún àbúrò yín wà lóòótọ́, orí mi sì ń wú sí i títí di òní, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ṣe é láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fa ọ̀rá láàárọ̀ tó sì gún un padà lọ́sàn-án kò yí ohunkóhun padà. Ó kàn gbé e láti ikùn lọ sí ẹsẹ̀ ni.

Ti ṣáṣẹ́ẹ̀tì kò ní gbà wá lákòókò. Ohun abẹ̀mí ni sẹ́ẹ̀lì. Bí a bá sá a gbẹ tí a lọ̀ ọ́ kúnná, ó ti kú. Ká tiẹ̀ ní kò kú, inú ikùn ni yóò dà sí bí ẹran tí a jẹ lánàá. Ọ̀pọ̀ nínú ìyẹ̀fun wọ̀nyẹn, ara èso ápù tàbí àjàrà ni àwọn tó ń tà á sọ pé àwọ́n ti mú un, sẹ́ẹ̀lì èso kò sì lè di iṣan èèyàn láéláé. Owó yẹn, ẹ fi ra oògùn àtọ̀gbẹ bàbá àti báńdéèjì tó mọ́.

Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu pé inú ọ̀rá ni a ti ń wá ohun tí a fẹ́ fi tún iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe, nítorí pé ẹrù lásán ni gbogbo wa ka ọ̀rá sí. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rá kò lè wà láàyè láìsí ẹ̀jẹ̀. Iṣan tín-tìn-tín ló ta yí i ká bí ìtàkùn, ara àwọn iṣan yẹn sì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí à ń wá so mọ́. Ní 2001 ni Patricia Zuk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yọ nínú ọ̀rá tí wọ́n fà lára èèyàn lè di egungun, egungun rírọ̀ bíi ti etí, àti ọ̀rá míràn. Ṣáájú ìgbà yẹn, inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti sábà máa ń wá irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń wọ egungun ìbàdí kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń bẹ̀bẹ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rá pọ̀, ó rọrùn láti fà, ẹni tí wọ́n fà á lára rẹ̀ kì í sì í ké pé kí wọ́n dá a padà.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú láàbù. Ọ̀rá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà máa ń dé ọ̀dọ̀ wa nínú ike, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí epo rẹ̀ pọ̀, ó sì ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. A ó fi omi oníyọ̀ ṣàn án títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá lára rẹ̀. A ó bu ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ collagenase sí i, a ó gbé e sínú omi tó móoru bí ara èèyàn, ní ìwọ̀n 37, a ó sì máa mì ín. Tó bá tó bíi wákàtí kan, ohun tó ki ti di ṣíṣàn. Ẹ̀rọ tó ń yí bírí la ó wá kó o sí. Nígbà tí ẹ̀rọ bá fi máa dúró, epo á ti léfòó, omi á wà láàárín, nísàlẹ̀ pátápátá ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa kan yóò tò sí, tí ẹ̀wà kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú lọ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń pè ní stem cell, òun ni wọ́n ń gún padà sára èèyàn lọ́jọ́ kan náà. Àdàlú ni. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó ń gbógun ti àrùn wà níbẹ̀, àwọn ti ara iṣan wà níbẹ̀, díẹ̀ sì ni èyí tí à ń wá láàárín wọn. Kí a tó lè yà á sọ́tọ̀, a ó dà á sínú àwo ike, a ó máa bọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn tó bá lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àwo ni à ń tọ́jú, a ó da ìyókù nù. Tí ẹ bá fi ẹ̀rọ awò wò wọ́n, wọ́n gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọmọ ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sápá kan náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́jú nìyí. Sẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kò tíì di iṣan ẹ̀jẹ̀, kì í sì í dédé di í. Ẹ fi wé ọmọ iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ káfíńtà, tí kò tíì gba fíríìdọ̀mù. Ó ṣì lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan àga, ó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń kan òrùlé, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ síwájú rẹ̀ lọ́la, yóò wò yín lójú ni. Ìdí egungun àti ọ̀rá ni sẹ́ẹ̀lì yìí sún mọ́ jù. A lè tún kọ́ ọ kó ṣe bí ẹran tó wà lára ògiri iṣan, tó ń fún iṣan pọ̀ tó sì ń dẹ̀ ẹ́. Ohun tó ṣòro ni ìtẹ́ inú iṣan, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́ tí kò nípọn ju sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lọ, tí ẹ̀jẹ̀ ń fara kàn bó ti ń kọjá. Ìtẹ́ yìí ló ń tú èròjà nitric oxide sílẹ̀ kí iṣan lè gbòòrò, òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú rẹ̀. Iṣan tí kò bá ní i kò sàn ju ọ̀pá ike lọ.

Ọ̀nà kan tí a ń gbà kọ́ sẹ́ẹ̀lì níṣẹ́ yìí ni ká kọ́kọ́ dá a padà sí ọmọdé. Shinya Yamanaka ní Kyoto, ilẹ̀ Jàpáànù, ló fi hàn ní 2006 pé jíìnì, ìyẹn àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ iṣẹ́ tí yóò ṣe, mẹ́rin péré tó láti mú kí sẹ́ẹ̀lì eku tó ti dàgbà gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, kó padà sí bó ṣe wà nígbà tó ṣì lè di ohunkóhun. Ní 2007 wọ́n ṣe é pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì èèyàn, nígbà tó sì di 2012, òun àti John Gurdon jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford lo sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ní 2009, wọ́n sì rí i pé ó tètè ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ ju sẹ́ẹ̀lì awọ lọ. Tó bá ti gbàgbé tán, a ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. A ó máa bọ́ ọ lójoojúmọ́ pẹ̀lú èròjà bíi VEGF, tí ara wa fúnra rẹ̀ fi ń pe iṣan tuntun jáde, èyí tó ṣáájú kò sì gbọdọ̀ gba ipò èyí tó tẹ̀lé e. Ọ̀nà míràn ni ká má dá a padà sí ọmọdé rárá, ká kàn fi jíìnì bíi ETV2 sínú rẹ̀, èyí tó ń jí iṣẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ dìde nínú ọlẹ̀, kó lè ti ìdí iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Èyí ni ọkàn mi fà sí jù, nítorí ewu tí mo fẹ́ sọ láìpẹ́ kéré níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ń gbà, àwọn tó gbà náà sì lè padà sí ìwà àná bí a bá dẹwọ́ lórí wọn. Èyíkéyìí tí a bá tọ̀ nínú ọ̀nà méjèèjì, ọ̀sẹ̀ ni à ń kà. Ti Yamanaka ń wọ oṣù, pàápàá tí a bá ka àyẹ̀wò mọ́ ọn.

Ọjọ́ tó bá yọrí, ojú á rí i. Àwọn ọmọ ẹja yẹn á ti kúrú, wọ́n á ti fẹ̀, wọ́n á fara mọ́ra bí ilẹ̀ tí wọ́n fi táìlì tẹ́. Tí a bá tò wọ́n sórí ohun tó rí bí ẹ̀kọ mímu tó ti dì, tí a sì pa iná lọ sílé, tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, wọ́n á ti fa ọwọ́ ara wọn, wọ́n á ti ta bí àwọ̀n apẹja, ihò á sì wà nínú okùn àwọ̀n náà. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, inú mi sì ń dùn sí i bíi ti àkọ́kọ́. Síbẹ̀, àwọ̀n inú àwo kò tíì gbé ẹ̀jẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ bàbá yín nílò ohun tí ọkàn yóò máa ti ẹ̀jẹ̀ gbà kọjá ní bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnléláàádọ́rin ní ìṣẹ́jú kan, lọ́sàn-án lóru, tí kò ní bẹ́, tí kò sì ní dí.

Ewu tí mo ní mo fẹ́ sọ rèé. Sẹ́ẹ̀lì tó padà sí ọmọdé tí kò gba ẹ̀kọ́ máa ń ya ìyàkuyà. Tí wọ́n bá gún un sára eku, ó lè di kókó tí irun, egungun àti ẹran yóò wà nínú rẹ̀ ní rúdurùdu. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò fi gùn ju iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ní Kobe, ilẹ̀ Jàpáànù kan náà, wọ́n fi awọ ara ìyá àgbàlagbà kan ṣe sẹ́ẹ̀lì ojú, wọ́n sì gbé e sí ojú rẹ̀ ní oṣù September 2014. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ láyé tó gba irú rẹ̀. Nígbà tó kan aláìsàn kejì, wọ́n rí i pé jíìnì díẹ̀ ti yí padà nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣe fún un, wọ́n sì dá iṣẹ́ náà dúró. Wọ́n ti náwó, wọ́n ti ṣe sẹ́ẹ̀lì náà tán, aláìsàn ń retí, wọ́n sì ní àwọn kò ní gbé e sí i. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Florida ní 2015. Àwọn ìyá àgbàlagbà mẹ́ta sanwó kí wọ́n fa ọ̀rá ikùn wọn, kí wọ́n yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì gún un sí ojú wọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ojú tí wọ́n ṣì fi ń ríran tẹ́lẹ̀ bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àwọn dókítà tó gbà wọ́n tọ́jú lẹ́yìn náà kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2017. Mo máa ń ka ìtàn méjèèjì yìí papọ̀ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa, nítorí pé orúkọ kan náà, stem cell, ni wọ́n ń pe méjèèjì.

Ẹ lè wá bi mí pé: tí kò bá yí padà ńkọ́, ṣé kò lè ṣe é láǹfààní díẹ̀? Ìbéèrè tó dára ni. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá tí a kò yí padà máa ń tú èròjà sílẹ̀ tó ń pe iṣan tuntun, ní ara ẹranko ó sì máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i níbi tó ti gbẹ. Lára èèyàn ni ọ̀rọ̀ ti di ọ̀tọ̀. Àwọn dókítà ní ilẹ̀ Netherlands mú 160 aláìsàn tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ wọn, wọ́n fún àwọn kan ní sẹ́ẹ̀lì láti inú mùdùnmúdùn egungun wọn, wọ́n fún àwọn ìyókù ní ayédèrú abẹ́rẹ́ tí kò ní irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ èyí tó gbà. Èsì jáde ní 2015: iye tí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn kò yàtọ̀. Ohun tó sì ń mú mi ronú jù ni pé ara tu apá méjèèjì, títí kan àwọn tó gba ayédèrú abẹ́rẹ́. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá jẹ́rìí nínú fídíò pé ẹsẹ̀ òun ti fúyẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gún òun, ó lè má purọ́, ẹ̀rí náà kò sì tíì sọ nǹkan kan nípa abẹ́rẹ́ náà. Ẹ tún fi èyí kún un: sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ tipẹ́ kì í lágbára tó ti ẹni tí kò ní i nídìí pípe iṣan tuntun jáde. Ṣúgà tó ba iṣan ẹsẹ̀ jẹ́ ti kan sẹ́ẹ̀lì inú ikùn náà. Tí páìpù ńlá láti ojú títì bá sì ti dí, ẹ̀rọ omi mẹ́wàá tí ẹ bá fi kún inú ilé kò ní yọ omi.

Páìpù ńlá yìí ni àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí ń lé gan-an. Ọ̀pá oníke tí wọ́n ń fi rọ́pò iṣan ń ṣe dáadáa níbi tí iṣan bá ti tóbi, ṣùgbọ́n tí ihò rẹ̀ bá kéré ju mílímítà 6 lọ, bí iṣan ìsàlẹ̀ orúnkún ti rí, ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń dì nínú rẹ̀. Èrò wa ni láti fi sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá tí a ti yí padà tẹ́ inú ọ̀pá náà. Ẹ ó ti gbọ́ pé ní December 2024, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí iṣan kan tí wọ́n hù nínú láàbù, Symvess lorúkọ rẹ̀. Òótọ́ ni. Sẹ́ẹ̀lì èèyàn ni wọ́n fi hù ú, lẹ́yìn náà ni wọ́n fọ gbogbo sẹ́ẹ̀lì náà kúrò, tó ku ògiri lásán, kí ara ẹnikẹ́ni lè gbà á. Àwọn tí ìjàǹbá já iṣan apá tàbí ẹsẹ̀ wọn, tí kò sì sí iṣan ara wọn tí wọ́n lè lò, ni wọ́n fọwọ́ sí i fún. Kò kan ẹsẹ̀ tí àtọ̀gbẹ ti bà jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ bàbá, nítorí a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ṣé wọ́n máa ń sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì lóru kí ìrora lè rọlẹ̀? Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti wọ́n gan-an nínú ẹsẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mélòó kan ló sì kù, kì í ṣe ti oṣù. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ Doppler, èyí tó ń gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn, wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀, kí wọ́n fi ti apá pín in. Tí iye náà kò bá tó 0.9, iṣan ti fún. Tó bá wá wà ní 0.4 tàbí kó kéré sí i, ọ̀rọ̀ ti le. Ẹ má jẹ́ kí iye tó ga tàn yín jẹ: àtọ̀gbẹ máa ń sọ ògiri iṣan di líle bí ẹ̀fun, tí ẹ̀rọ kò ní lè tẹ̀ ẹ́ wọlé, iye tó bá ju 1.4 lọ sì ń tọ́ka sí èyí. Nígbà náà, ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kí wọ́n wọ̀n, torí iṣan ibẹ̀ kì í sábà le bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè oníṣẹ́ abẹ iṣan ẹ̀jẹ̀. Ó lè ti fèrè kékeré kan (báálúùnù) gba inú iṣan kó fi mú ibi tó fún gbòòrò, ó sì lè mú iṣan gígùn tó wà lábẹ́ awọ ní apá inú itan àti ojúgun bàbá fúnra wọn, kó fi ṣe ọ̀nà tuntun yípo ibi tó dí. Ìwádìí ńlá kan tó kó 1,830 aláìsàn jọ, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2022, fi hàn pé níbi tí iṣan gígùn yẹn bá ti dára, ó sàn kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ ju fèrè lọ. Ẹ ò rí i pé iṣan tí ẹ fẹ́ fò lọ sí òkè òkun lọ rà, ó ṣeé ṣe kó wà ní ẹsẹ̀ bàbá yín láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Ìtẹ́ inú rẹ̀ ti pé, ó sì ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá máa ta ilẹ̀, ẹ tà á fún èyí, ẹ sì kọ́kọ́ béèrè iye rẹ̀. Ọmọ ìka tó ti dúdú yẹn lè lọ, n kò ní tàn yín. Yíyọ ìka kan lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá ti padà dé ẹsẹ̀ lè gba ìyókù ẹsẹ̀ là. Tí wọ́n bá ń mu sìgá, kó dópin lónìí. Wọn kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ sínú omi gbígbóná tàbí kí wọ́n yá iná, torí wọn kò ní mọ̀ nígbà tó bá ń jó wọn.

N kò tíì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà, nítorí náà dókítà tó wà níwájú wọn ló lè sọ èyí tó yẹ. Bí àbúrò yín bá ṣì tẹnu mọ́ ilé ìwòsàn yẹn, kó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí ọ̀rá láàárín ìgbà tí wọ́n fà á àti ìgbà tí wọ́n gún un, iye ọjọ́ tó gbà, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dá a padà, àti àjọ ìjọba tó fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá ní ìwádìí ni àwọ́n ń ṣe, kó bi wọ́n pé kí ló dé tí aláìsàn fi ń sanwó rẹ̀. Ní ti bàbá, ẹ gbé wọn lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kọ iye méjèèjì sílẹ̀, ti ọrùn ẹsẹ̀ àti ti ọmọ ìka, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àwòrán egbò gìgísẹ̀ náà ní ojúmọmọ.